Ilé Tí A Gbá De Àlejò: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọdún Dìwálì

Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ wá sí ilé ẹni, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò káwọ́ gbera títí àlejò náà yóò fi wá bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Ìyá yóò gbá àgbàlá, bàbá yóò tún ìjókòó tò, àwọn ọmọ yóò sì pọn omi kún inú ìkòkò. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: bí àlejò náà bá jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń wo inú ọkàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wo inú yàrá, irú ọwọ̀ wo ni a ó fi gbá ilé dè é? Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ kí a jọ wo bí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà ti ń tún ilé wọn ṣe de ọdún ńlá kan tí a ń pè ní Dìwálì. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ yìí láti yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rí ohun tí ó dára ní ilé aládùúgbò, kò yẹ kí ó di ojú rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀ ni ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ti ṣe mọ̀ nípa ọdún yìí. Ní ọdún 1979, nígbà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sọ ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ wọ́ tìrítìrí wá sí ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kò sì tó. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti ilẹ̀ Gánà àti ilẹ̀ Íńdíà wá láti ràn wá lọ́wọ́, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Tọkọtaya kan láti ìpínlẹ̀ Gujarat wà lára wọn, ilé tí ó kọjú sí tèmi ni wọ́n sì ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni nígbà náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa pe ọkọ ní Ọ̀gá, mo sì ń pe ìyàwó ní Màdáàmù; àwọn náà a máa pè mí ní Tíṣà. Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe aládùúgbò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì rí wọn bí wọ́n ti ń múra ọdún Dìwálì. Ohun tí mo fi ojú rí lọ́dọ̀ wọn, àti èyí tí mo ti kà lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìtumọ̀ orúkọ ọdún náà nínú èdè ayé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni ìlà àtùpà, nítorí pé ìlà ìlà ni wọ́n ń to fìtílà amọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, sí ojú fèrèsé, àti sí orí odi ilé. Òru tí oṣù kò yọ rárá nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní Kartika ni olórí ọjọ́ ọdún náà, èyí sì máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá nínú kàlẹ́ńdà tiwa. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ni. Ní ọdún 2025, ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní, wọn a ra ohun èlò ilé tuntun tí a fi irin ṣe, tàbí wúrà àti fàdákà bí apá bá ká a. Ní ọjọ́ kejì, wọn a rántí bí Krishna ti ṣẹ́gun òǹrorò kan tí ó ń jẹ́ Narakasura. Ọjọ́ kẹta ni òru àtùpà gan-an, tí wọ́n ń bọ Lakshmi, òrìṣà ọlà àti ire. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ará Gujarat a bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun wọn. Ọjọ́ karùn-ún sì jẹ́ ti arákùnrin àti arábìnrin, láti fi ìfẹ́ hàn sí ara wọn.

Kì í ṣe ìtàn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nípa ọdún yìí. Ọ̀pọ̀ ará ìhà àríwá gbà pé òun ni ọjọ́ tí Rama padà dé sí ìlú Ayodhya, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti lé e lọ sínú igbó, tí àwọn ará ìlú sì tan àtùpà pàdé rẹ̀. Ní Bengal, òrìṣà Kali ni wọ́n ń bọ ní òru náà. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain pẹ̀lú a máa rántí ìpapòdà Mahavira, olùkọ́ ńlá wọn. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ti yàtọ̀ tó, iṣẹ́ kan náà ni ó máa ń ṣáájú ọdún ní ilé olówó àti ní ilé tálákà: a gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe kí a tó tan iná.

Ìdí kan fún èyí kò ṣòro láti mọ̀. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án ni òjò ńlá máa ń rọ̀ ní ibi púpọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Íńdíà. Ara ògiri a rin, aṣọ inú àpótí a máa rùn, kòkòrò a sì wá ibi gbígbẹ sá sí nínú ilé. Bí òjò bá ti dá, tí ìkórè sì dé, ó di dandan kí a ṣí ilé sílẹ̀ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ọdún tó pé, gbogbo ilé a dà rú. Wọn a kó ibùsùn àti ẹní síta, wọn a sá aṣọ, wọn a fọ ìkòkò idẹ títí yóò fi máa dán, wọn a sì kun ògiri ní ẹfun. Ní àwọn abúlé, wọn a po amọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù láti fi pa ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa àgbà ti máa ń pa ilẹ̀ ilé ní ayé àtijọ́. Ohun tí ó ti fọ́, tí a kò sì lè tún ṣe mọ́, wọn a kó o jáde. Tọmọdé tàgbà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọ kékeré a rá wọ abẹ́ ibùsùn, àgbà a sì na ọwọ́ sí òkè àjà láti ká òwú aláǹtakùn kúrò.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ti òjò lọ. Màdáàmù sọ fún mi pé ní òru àtùpà, Lakshmi a máa rìn kiri láti ilé dé ilé, ilé tí ó bá mọ́ tí ìmọ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ ni ó ń wọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ya àmì ẹsẹ̀ kéékèèké láti ẹnu ọ̀nà wọ inú ilé, tí wọ́n sì ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí èròjà aláwọ̀ oríṣiríṣi ya iṣẹ́ ọnà sí ojú ilẹ̀. Wọn a fi ewé máńgòrò àti òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ṣe ẹ̀ṣọ́ kọ́ sí òkè ilẹ̀kùn. Ọwọ̀ pàápàá ní ọlá lójú wọn. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ a sì máa ra ọwọ̀ tuntun ní ọjọ́ kìíní ọdún náà. Wọ́n sì ka gbígbá ilẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ sí èèwọ̀, kí a má baà gbá ire jáde. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá mi máa ń fi gba ọwọ̀ lọ́wọ́ wa ní alẹ́.

Wọ́n tún sọ pé Lakshmi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Alakshmi. Òṣì, ìjà àti ìdọ̀tí ni ti ẹni yìí. Ibi tí ariwo ìjà bá wà, tí ọ̀lẹ sì ń gbé, níbẹ̀ ni ó ń fi ṣe ilé. Nítorí náà, ní àwọn agbègbè kan, wọn a máa lé e jáde kí wọ́n tó gba àbúrò rẹ̀ wọlé: obìnrin ilé a máa lu àtẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà láti yàrá dé yàrá títí dé ìta, láti fi hàn pé a ti lé òṣì lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kíyè sí ìtàn yìí dáadáa. Àwọn àgbà tí wọ́n pa á kò fi ìdọ̀tí sí apá kan kí wọ́n fi ìjà sí apá kejì. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé tí a gbá mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí tọkọtaya ń bú ara wọn nínú rẹ̀, a kò tíì gbá a.

Ìdí nìyí tí ìwẹ̀nùmọ́ fi ń tẹ̀lé ìgbálẹ̀. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì ọdún, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ a fi òróró pa ara, wọn a sì wẹ̀. Àwọn kan a wọ́n omi odò Ganges sí igun ilé gbogbo, wọn a sun tùràrí, wọn a sì lu agogo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àwọn oníṣòwò Gujarat a gbé ìwé ìṣirò owó tuntun síwájú Lakshmi kí ó bùkún un. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti ṣàlàyé fún mi, oníṣòwò tí ó mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń ṣe kò ní ṣí ìwé tuntun pẹ̀lú irọ́ tí ó wà nínú èyí àtijọ́. Yóò kọ́kọ́ san gbèsè tí ó bá lè san, yóò sì tún èyí tí ó bá wọ́ ṣe.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo fi ojú ara mi rí. Olùkọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí Ọ̀gá ti ń ṣiṣẹ́, tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ní gbangba pé òun ni ó sọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé nù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò aṣọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án kò bẹ̀ ẹ́. Bí oṣù mẹ́fà ni àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Dìwálì pé, mo rí Ọ̀gá tí ó wọ aṣọ mímọ́, tí ó ń lọ sí ilé ọkùnrin náà. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ ni? Kí ló dé tí ẹ̀yin ni ẹ ń lọ?” Ó dúró, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, nígbà tí o bá ń gbá yàrá rẹ, ṣé o máa ń bèèrè ẹni tí ó gbé ìdọ̀tí wọlé kí o tó gbá a?”

Ní ọjọ́ náà, wọn kò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọmọ ilé ni wọ́n rán jáde kí ó sọ pé bàbá òun kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ a ń gbọ́ ohùn bàbá nínú yàrá. Ọ̀gá padà wá sílé, kò bínú. Ní ọjọ́ kejì ó tún lọ, nígbà yìí ni ọkùnrin náà jáde sí i. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Olùkọ́ náà kò wá jẹ àdíndùn ní ilé Ọ̀gá ní òru àtùpà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n tún padà sí ẹnu iṣẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Wọn kò di ọ̀rẹ́ àtàtà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìkùnsínú kò gbé àárín wọn mọ́. Ó ṣòro fún ẹni tí a ṣẹ̀ láti kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Síbẹ̀, inú ilé ẹni tí a ṣẹ̀ náà ni ìbínú ń gbé, òun ni ó sì ń bá a sùn ní òru.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a rò: ta ni ó ń di ọwọ̀ mú? Ní ọdọọdún tí ọdún náà bá ń bọ̀, Màdáàmù ni ó ń tún inú yàrá ṣe, ṣùgbọ́n Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ ṣáláńgá. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé olùkọ́ tí ó gba oyè ní yunifásítì ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Mohandas Gandhi, ọmọ Gujarat bíi tòun, ni òun ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1901, Gandhi lọ sí ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ Kóńgírésì ní ìlú Calcutta, tí a ń pè ní Kolkata lónìí. Ó rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kún fún ẹ̀gbin. Nígbà tí ó pe àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìpàdé sí i, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn agbálẹ̀ ni, kì í ṣe tiwọn. Gandhi bèèrè fún ọwọ̀, ó sì fọ èyí tí òun yóò lò.

Kí ẹ lè mọ bí ohun tí ó ṣe yìí ti tóbi tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní ilẹ̀ Íńdíà, láti ìran dé ìran, àwọn kan ni a yàn fún kíkó ìgbẹ́ ẹlòmíràn, irú iṣẹ́ tí àwọn agbépòó ń ṣe ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà kan. Àwọn ẹni wọ̀nyí ń gbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọlọ́lá mọ́, ọlọ́lá náà yóò sì sọ pé ara wọn kò mọ́, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan òun. Òfin ńlá ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1950 fi òpin sí pípe ènìyàn ní ẹni tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, òfin ọdún 2013 sì kà á léèwọ̀ láti gba ènìyàn sí iṣẹ́ fífi ọwọ́ kó ìgbẹ́. Síbẹ̀, àwọn tí ń wọ inú kòtò ìdọ̀tí, tí wọ́n sì ń kú níbẹ̀, kò tíì tán. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò: bí ilé mi bá mọ́ nítorí pé mo gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lé orí ẹlòmíràn, tí mo sì tún ń kẹ́gàn ẹni náà, ibo ni ìdọ̀tí wà gan-an?

Bákan náà ni kò tọ́ kí a gbá ìdọ̀tí ilé wa sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Nínú ọdún Dìwálì yìí kan náà, àwọn ènìyàn a máa yin báńgà púpọ̀ ní òru, èéfín rẹ̀ a sì bo ìlú mọ́lẹ̀, pàápàá ní Delhi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dára ní àkókò náà. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Íńdíà pàṣẹ pé báńgà tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa tà, àti pé láti agogo mẹ́jọ sí agogo mẹ́wàá alẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa yìn ín ní òru Dìwálì. Ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì fọ ilé, tí ó sì fi òru kan ba afẹ́fẹ́ tí ọmọ aládùúgbò ń mí jẹ́, a kò lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Wàyí o, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni gbogbo èyí kàn yín? Ní ayé àtijọ́, bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, wọn a sáré gbá ìta, wọn a bo ìkòkò omi. Bí wolé-wolé bá ti kọjá, ìdọ̀tí a tún padà sí ipò rẹ̀. Mo lo ọdún tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo sì mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀: ibùsùn rẹ̀ a mọ́ ní ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan, ìwé rẹ̀ a sì mọ́ ní ọjọ́ tí olùkọ́ yóò gbà á nìkan. Ìmọ́tótó ẹ̀rù ni ìyẹn. Ìmọ́tótó tí ó níyì ni ti ẹni tí ó ń gbá igun tí ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Nítorí náà, bí ọdún ẹ̀sìn tiyín bá ń bọ̀, ìbáà ṣe Kérésìmesì, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe ọdún àwọn baba ńlá yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín gbá ilé, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá yín. Ẹ kí ẹni tí ń kó ìdọ̀tí àdúgbò yín bí ẹ ti ń kí àgbà yòókù, nítorí bí kò bá sí i, àrùn ni ìbá ṣe ọdún pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ wo inú ara yín. Ta ni ẹ jẹ ní gbèsè tí ẹ kò tíì san? Ta ni ẹ bá jà tí ẹ kò tíì kí? Irọ́ wo ni ẹ ti pa tí ó ń gbé yín nínú bí eegun ẹja? Ẹ gbá wọn jáde kí ọdún tó pé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àtùpà kò ṣòro láti tàn. Owó díẹ̀ ni a fi ń ra òróró àti òwú. Ilé tí ìmọ́lẹ̀ yóò wọ̀, tí ojú kò sì ní ti onílé, ni ó ṣòro láti gbá, ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ni ó sì lè gbá a.